Ẹjọ́ Orúkọ Columbo ní Èbúté-Mẹ́ta

Ní àṣekágbá ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Èbúté-Mẹ́ta máa ń ṣe nínú oṣù Kejìlá ọdọọdún, mo kéde lójú gbogbo èèyàn pé ìdáhùn kan kò tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdáhùn náà tọ̀nà. Èmi ni akọ̀wé ìdíje, ọwọ́ mi ni ìwé ìbéèrè wà, èmi náà ni mo sì ń tẹ agogo. Nítorí ohun tí mo kéde yìí, ife-ẹ̀yẹ àti odidi àpò ìrẹsì kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò tọ́ sí, ó sì di ọjọ́ kẹta kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Ìgbìmọ̀ wá ní kí n kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ akọ̀wé lẹ́yìn mi má bàa kọsẹ̀ níbi tí mo ti kọsẹ̀.

Ẹgbẹ́ méjì ló kù lórí pèpéle lálẹ́ Sátidé náà, ẹgbẹ́ Òpópónà Kano àti ẹgbẹ́ Òpópónà Freeman, èèyàn mẹ́ta mẹ́ta ló sì wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Máàkì méjì ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń gbà. Nígbà tí a fi dé orí abala eré tẹlifíṣọ̀n, àwọn méjèèjì wà lórí máàkì 32, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì kù. Mo ṣí ìwé, mo sì kà á jáde: «Kí ni orúkọ àbísọ Columbo, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú eré Amẹ́ríkà?» Òpópónà Kano ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ránṣọ nítòsí ọjà Oyíngbò ni olórí wọn, kò tiẹ̀ yíjú wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi sọ pé, «Frank.» Mo wo ìwé mi, mo rí i pé Philip ló wà níbẹ̀, mo sì tẹ agogo. Ìbéèrè kọjá sọ́dọ̀ Òpópónà Freeman. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ló dìde, ó rọra gba maikirofóònù, ó sì sọ pé, «Philip.» Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n fò sókè, a sì gbé ife fún wọn pẹ̀lú máàkì 34 sí 32.

Aránṣọ náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó wá bá mi nídìí tábìlì, ó kúnlẹ̀, ó ní, «Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta ló sọ fún yín pé Philip ni?» Mo ní ó wà nínú ìwé. Ó ní, «Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀, sà?» N kò rí èsì fọ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú ìwé tó jẹ́. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan ni, akọ̀wé mẹ́rin ló sì ti lò ó ṣáájú mi. Bí ẹnì kan bá gbọ́ ìbéèrè tó dára lórí rédíò, tàbí tó kà á nínú ìwé ìròyìn, ibẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí, ìdáhùn a sì tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún. Ní ojú ewé tí Columbo wà, irú ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Báírò aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ Philip, òjò ti kán sí i nígbà kan, àmì omi náà sì yí orúkọ yìí ká bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa òǹtẹ̀ sí i. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni kọ pé òun ti rí i. Mo ti gbé ìwé yìí fún ọdún méjì, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́tà ìfisùn aránṣọ náà dé ọwọ́ alága. Gbólóhùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀: pé nínú apá eré náà tí wọ́n pè ní «Dead Weight», tí wọ́n gbé jáde ní 1971, Columbo ṣí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, orúkọ Frank sì hàn nínú ìbuwọ́lùwé tó wà lára rẹ̀, àti pé òun bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n wò ó fúnra wọn. Bàbá ọmọbìnrin náà máa ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nígbà ayé rẹ̀, ó sì ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò Columbo tí àwọn mọ̀lẹ́bí kó wá fún un láti London, èyí tó fi ń dán ẹ̀rọ àwọn oníbàárà wò. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló dàgbà sí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bàbá òun máa ń dá àwòrán dúró níbi tí káàdì náà ti hàn, kó lè fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ tí òun tún ṣe ń gbé lẹ́tà kékeré jáde dáadáa.

Ẹni mẹ́ta ló jókòó sórí ẹjọ́ náà: alága ẹgbẹ́, Ìyá Ẹgbẹ́ wa tó ń ta aṣọ ní Oyíngbò, àti Bàbá Tísà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Èmi kò ní ẹ̀tọ́ ìbò, ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi mí ṣe.

Kí n tó máa bá a lọ, n óò ṣàlàyé eré náà díẹ̀ fún ẹni tí kò wò ó rí, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ wà nídìí ẹjọ́ yìí. Àwọn òǹkọ̀wé méjì kan, Richard Levinson àti William Link, ló ṣẹ̀dá Columbo. Nínú ọ̀pọ̀ eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, a máa ń fi apànìyàn pa mọ́ títí di ìparí. Ti Columbo kò rí bẹ́ẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òǹwòran ti ń rí ẹni tó pààyàn àti bó ṣe pa á, ohun tó kù ni bí Columbo, ọ̀gbẹ́ni tó máa ń wọ aṣọ òjò, yóò ṣe rí i mú. Bert Freed ló kọ́kọ́ ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1960. Peter Falk gbà á ní 1968 nínú «Prescription: Murder», ẹ̀dà rẹ̀ tó kẹ́yìn sì jáde ní 2003, ìyẹn ọdún mẹ́jọ kí Falk tó kú. Ojú kan ni Falk fi ríran, wọ́n ti yọ èkejì nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta nítorí àrùn jẹjẹrẹ, wọ́n sì fi ti dígí rọ́pò rẹ̀. Nínú eré náà, mọ́tò Peugeot 403 ni Columbo ń gùn, àwọn àgbà ìlú Èkó tó mọ 404 àti 504 yóò mọ ìran rẹ̀ bí wọ́n bá rí i. Ìyàwó tó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá, a kì í rí i nínú eré náà. Ajá rẹ̀ kò ní orúkọ ju «Dog» lọ, ìyẹn Ajá. Ẹnikẹ́ni kì í sì pe òun fúnra rẹ̀ ní orúkọ àbísọ: Columbo ni, tàbí Lieutenant, ìyẹn ipò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè nípa orúkọ rẹ̀ fi dùn ún bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùdíje, ìdí nìyẹn náà tó fi léwu fún ẹni tó bá ń ṣe ìdájọ́ láti inú ìwé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, gbogbo wa péjọ sí pálọ̀ alága. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ náà ló mú àwo DVD wá, nítorí pé àwọn kásẹ́ẹ̀tì bàbá wọn ti hu funfun. Bàbá Rélùwéè náà wá, ó jókòó lórí àga tó súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n jù, ó sì gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀. Alága fẹ́ kí a sáré dé ibi tí káàdì wà ká lè tètè tú ká. Bàbá Tísà kọ̀, ó ní adájọ́ kì í gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. A wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Inú mi dùn pé a wò ó tán, nítorí pé bí a ṣe ń wò ó lọ ni ara mi ń wúwo. Ìtàn ọ̀gágun àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, Martin Hollister, tí Eddie Albert ṣe. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí akọni ogun, wọ́n sì ń pàtẹ àwọn ohun ìjà àti aṣọ rẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó yìnbọn pa ọ̀gágun mìíràn nínú ilé ara rẹ̀ létí omi, kí àṣírí owó ìlú tí wọ́n jọ ń jẹ má bàa tú. Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Helen Stewart ni orúkọ rẹ̀ nínú eré, Suzanne Pleshette ló sì ṣe é. Ó rí ìpànìyàn náà láti ojú fèrèsé ilé ọ̀gágun, ó sì lọ pe ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọn kò rí òkú, ilé mọ́ tónítóní, ọ̀gágun sì dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Láti ìgbà náà ni gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún obìnrin yìí pé kò rí ohun tó rí. Ọ̀gágun wá ń fẹ́ ẹ sọ́nà, títí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì lórí ojú ara rẹ̀. Columbo nìkan ló ń padà wá bi í léèrè: kí lo rí gan-an?

Mo yíjú wo aránṣọ tó jókòó lórí ìtìsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi ni mo tẹ agogo mọ́ ọn lórí.

Nígbà tó kan ibi tí Columbo ti fi ara rẹ̀ hàn, ẹ̀gbọ́n aránṣọ náà dá àwòrán dúró. Ó kọjá jù, ó dá a padà, ó tún kọjá. Ní ìgbà kẹta, ó bọ́ sí i. Ọwọ́ nìkan ló kún inú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú pọ́ọ̀sì awọ tó ṣí sílẹ̀ àti báàjì nínú rẹ̀. Alága wá sí iwájú, ó fi ìka tọ́ka láìfọwọ́ kan gíláàsì. Ìbuwọ́lùwé tó wà níbẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń kánjú, ṣùgbọ́n a lè kà á. Ìyá Ẹgbẹ́ tí kò kàwé púpọ̀ ní kí a máa pe lẹ́tà náà fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Rélùwéè ló sì pè é: «F. R. A. N. K.» Ohùn rẹ̀ ṣe kedere. Nígbà tó pè é tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí fídíò máa lọ.

Ẹ ó rò pé ẹjọ́ parí síbẹ̀. Kò parí, apá tó sì tẹ̀ lé e ni mo kà sí èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Bàbá Tísà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbà pé Philip kò sí níbì kankan nínú ohun tí a wò, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbà pé Frank ni orúkọ ọkùnrin náà. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fi pe ọmọ rí, ṣé orúkọ ni? Levinson àti Link ni bàbá Columbo, wọn kò sì sọ ọ́ lórúkọ nínú ìtàn tí wọ́n kọ. Ẹni tó ṣe káàdì fún eré ló fi nǹkan sí i kó má bàa ṣófo, bí ẹ̀rọ ayàwòrán kò bá sì súnmọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀. Lójú tirẹ̀, ìdáhùn tó tọ̀nà ni pé wọn kò sọ ọ́ fún wa rí, nítorí náà kí a fagi lé ìbéèrè náà, kí ẹgbẹ́ méjèèjì sì pín ife.

Ìyá Ẹgbẹ́ ní òun kò gbà. Ó ní, «Tísà, níbi ìkómọ, ṣé bàbá nìkan ló ń sọ ọmọ lórúkọ? Ìyá àgbà a sọ tirẹ̀, àbúrò ìyá a sọ tirẹ̀, ẹni tó bá ti fowó sínú àwo omi, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ. Ẹni tó kọ Frank sórí káàdì yìí, inú ilé ló wà, iṣẹ́ ilé ló ń ṣe, wọ́n sì rí i, wọn kò ní kó pa á rẹ́. Philip yìí ńkọ́, ta ló sọ ọ́? Ẹ fi ẹni náà hàn mí.»

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Rélùwéè. Ó sọ òtítọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un títí dòní nítorí rẹ̀. Ó ní òun kò wo eré náà rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Ní àárín ọdún 1980 sí 1989 ni ọ̀gá kan mú ayò ìbéèrè oníkáàdì kan dé ibi iṣẹ́ wọn, Trivial Pursuit, wọ́n sì máa ń ta á nígbà ìsinmi ọ̀sán. Columbo wà lórí káàdì kan, Philip wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì há a sórí.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú kí n wá ìdí Philip lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí mo rí sì yà mí lẹ́nu. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Fred Worth, tẹ ìwé atúmọ̀ àwọn òkodoro kéékèèké jáde ní 1974. Ó mọ̀ pé àwọn èèyàn lè jí iṣẹ́ òun kọ, ó sì dẹ pàkúté sínú rẹ̀: ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ pé Philip ni orúkọ Columbo. Irọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá gbé Philip jáde, ibi tó ti rí i nìyẹn, kò sí ibòmíràn. Ayò Trivial Pursuit, tí àwọn ará Kánádà méjì, Chris Haney àti Scott Abbott, ronú kàn ní 1979, gbé Philip jáde. Worth pe àwọn tó ni ayò náà lẹ́jọ́ ní 1984, ó sì béèrè fún mílíọ̀nù 300 dọ́là. Ó ní ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ìbéèrè wọn tó ti inú ìwé òun jáde. Àwọn olùjẹ́jọ́ kò sẹ́ pé àwọn lo ìwé rẹ̀ mọ́ àwọn ìwé mìíràn. Síbẹ̀ Worth pàdánù, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1987, nítorí pé òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òkodoro ọ̀rọ̀ di ohun ìní ara rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹnì kan gbà sọ ọ́ tàbí tó gbà tò ó nìkan ni òfin ń dáàbò bò.

Worth kọ́ ló ń dun èmi. Ohun tó ń dùn mí ni pé pàkúté tí wọ́n dẹ fún ẹni tó ń da ìwé kọ láìwádìí, tí wọ́n dẹ ní Amẹ́ríkà ní 1974, ó mú èmi náà ní Èbúté-Mẹ́ta. Ẹnì kan da Philip kọ sórí káàdì, ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé wa láti ibi tí a kò mọ̀, èmi sì kà á síta lórí maikirofóònù bí ẹni tó rí i. Nínú gbogbo wa tó wà ní gbọ̀ngàn lálẹ́ náà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ti fi ojú ara rẹ̀ rí káàdì Columbo, òun náà sì ni a fún ní òdo.

Mo ka àbọ̀ ìwádìí mi fún ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fi kún un pé káàdì tó ní orúkọ Frank tún hàn nínú apá mìíràn ní 1976, «A Matter of Honor», níbi tí Columbo ti lọ lo ìsinmi ní Mẹ́síkò. Èyí ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ Bàbá Tísà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, a lè pè é ní àṣìṣe ẹni tó ń ṣe káàdì. Tí wọ́n bá tún gbé orúkọ kan náà jáde lẹ́yìn ọdún márùn-ún, a jẹ́ pé ilé ti mọ orúkọ ọmọ, bí wọn kò tiẹ̀ pè é. Alága àti Ìyá Ẹgbẹ́ dìbò pé kí a gba máàkì méjì lọ́wọ́ Òpópónà Freeman, kí a sì fún Òpópónà Kano ní méjì. Bàbá Tísà kò dìbò fún un, ó ní kí n kọ èrò òun sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òun, mo sì kọ ọ́. Máàkì wá di 34 sí 32 bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dojú kọ ìhà kejì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, Bàbá Rélùwéè fúnra rẹ̀ gbé ife lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó sì gbé e sínú báàgì kan, kí àwọn ọmọ àdúgbò má bàa máa tẹ̀ lé e. Wọ́n ti já ìrẹsì, kọ́ńgò mẹ́fà ti kúrò níbẹ̀. Ó fẹ́ san án padà, ọmọbìnrin náà sì ní kí wọ́n fi ṣe oúnjẹ Kérésìmesì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ fún un pé, «Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ lálẹ́ Sátidé, mo sì rò pé o ń ta ọfà sókùnkùn ni. Má bínú.» Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níbi tó dúró sí, ọmọbìnrin náà sì sáré dì í mú kó má bàa dé ilẹ̀. Èmi náà bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé náà wò láti òkè délẹ̀, ìbéèrè 212 ló sì wà nínú abala eré nìkan. Mo fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ààyè lè wà fún ibi tí a ti rí ìdáhùn àti fún ẹni tó rí i. Títí di ìsinsìnyí, mẹ́jọ ni kò dúró. Columbo tún wà lára wọn: ìwé wa sọ pé Steven Spielberg ló darí apá àkọ́kọ́ pátápátá. Ohun tó darí ni «Murder by the Book», tó ṣí eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 24, ẹ̀dà méjì tí Peter Falk ṣe sì ti jáde ṣáájú ìyẹn.

N kò fi dúdú pa Philip rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ni mo fà kọjá lórí rẹ̀, èyí tí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi ṣì lè kà, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àmì omi yẹn pé: Frank. Apá «Dead Weight», 27 oṣù Kẹwàá, 1971, lórí káàdì ìdánimọ̀. Ẹni tó rí i: olórí ẹgbẹ́ Òpópónà Kano.